Sige na po, Ate: ẹ̀bẹ̀ tí mò ń kọ́ l'Óṣogbo

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bá mi jà lórí èdè yìí. NẸ́PÀ ti mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Òkè-Báálẹ̀, mo fi íápíìsì sétí, mò ń tún ọ̀rọ̀ kan náà pè ṣáá, "sige, sige na, sige na po," àfi bí màámi ṣe yọjú láti kíṣìnì, ìgbakọ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ta lò ń bú ní ṣégè nínú ilé mi?" Ẹni tó bá ti ń nájà ní Sábó á ti mọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́, èébú Hausa yẹn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lójú àgbà. Mo ní màámi, mi ò bú ẹnikẹ́ni o, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń kọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ̀bẹ̀ wo ló ní ṣégè nínú?" wọ́n bá padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Èdè Tagalog ni, èdè àwọn ará Philippines. Sígè ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ṣégè, ẹ jọ̀ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà ni, àwọn oníbàárà wọn ló máa ń bá wa ṣáàtì tí ẹrù ò bá tètè dé tàbí tí bàtà tí wọ́n rà bá há wọn lẹ́sẹ̀, àwa la máa ń dá wọn lóhùn tá a máa tù wọ́n nínú. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é, èmi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Philippines làwọn mẹ́rin tó kù. Wákàtí 7 ni aago wọn fi ṣáájú tiwa, kì í lé kì í dín, torí àwa àtàwọn kì í sún aago síwá sẹ́yìn báwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe, ìyẹn ni pé tí mo bá jókòó sídìí láàpùtọ́ọ̀pù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbí, aago mẹ́rin ìdájí ọ̀la ti lù lọ́dọ̀ wọn, mo máa ń gbọ́ tí àkùkọ wọn ń kọ tá a bá wà ní ìpàdé. Màámi ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí mo ki íápíìsì bọ̀ wọ́n létí.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àwàdà, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì, kíá ni wọ́n máa bọ́ sínú Tagalog, mo sì ń kíyè sí i pé ẹni tó bá ti kọ "sige na" sórí gúrúùpù WhatsApp wa, ó máa ń rí nǹkan ọ̀hún gbà. Èmi tí mò ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn gbọọrọ, tí mò ń ṣàlàyé, tí mò ń dúpẹ́ ohun tí wọn ò tíì ṣe, àtàǹpàkò ni wọ́n kàn ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi náà máa kọ́ ohun tí wọ́n ń fi bọ́ ara wọn yìí.

Ẹ má rò pé Tagalog nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Erékùṣù wọn lé ní 7,000, èdè wọn lé ní 100, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Cebuano ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó ní iléèwé lòun ti kọ́ Tagalog bí èmi náà ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Ọdún 1937 ni Ààrẹ wọn ìgbà yẹn, Manuel Quezon, kéde pé Tagalog ni wọ́n máa fi ṣe ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè, ìwé òfin ọdún 1987 wá ń pè é ní Filipino, àmọ́ àwọn tá a jọ wà yìí, Tagalog náà ló wà lẹ́nu wọn.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jù mí lọ dáadáa, àkọ́bí wọn ti wà ní yunifásítì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n bí sí Òṣogbo, á wá la ẹnu pe ẹni tó tó àbúrò ìyá ẹ̀ lórúkọ gbàgà bẹ́ẹ̀? Kò lè jáde lẹ́nu mi. Mo bi wọ́n pé kí làwọn àbúrò wọn ń pè wọ́n nílé, wọ́n ní "Ate". Ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn, tó bá jẹ́ ọkùnrin, Kuya, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń bá wọn ṣòwò tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mú un. Bó ṣe di Ate nìyẹn títí dòní, ìdí tẹ́ ò fi ní rí orúkọ wọn níbí nìyẹn náà. Màámi ń pè wọ́n ní Àǹtí Àtẹ, bí ẹni tó ń kiri ọjà, mo ti ṣàtúnṣe títí ó ti sú mi.

Ó wá kù díẹ̀ kí àbúrò mi ọkùnrin ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìwó. Sátidé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá, wọ́n tún wá fi èmi sí ṣíífìtì alẹ́ Fúráìdeè. Aago márùn-ún ìdájí ni màá parí iṣẹ́, kí n wá wẹ̀, kí n wé gèlè, ká wọkọ̀ lọ sí Ìwó, níwájú àwọn àna tuntun ni màá ti máa tòògbé tí ẹnu á là sílẹ̀. Ate nìkan ni mo lè bẹ̀ ká jọ pààrọ̀. Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n sí o, pé kí wọ́n jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ọjọ́ Sátidé nítorí àna tí kì í ṣe àna wọn. Mo ní èyí kọjá Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ṣí àpù ìtumọ̀ kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀, mo wá "ẹ jọ̀ọ́" síbẹ̀, ó gbé "pakiusap" fún mi. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, "Pakiusap, Ate. Pakiusap." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ kó lè wọ̀ wọ́n lára. Ìṣẹ́jú kan ò pé tí fóònù mi dún, Ate ló ń pè, ohùn wọn ti yí padà, kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ń ṣàìsàn, ṣé màámi ni?

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣíífìtì ni. Pakiusap kì í ṣe irọ́, inú "usap" ló ti jáde, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ, àmọ́ ẹni tó bá dá a sọ báyẹn, ṣe ló ń dún bíi fíìmù tí wọ́n ti fẹ́ gbọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, tí ìyá wá wà lórí ìkúnlẹ̀. Tèmi wá dà bíi kéèyàn fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, kó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ n kú."

Ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé wọ́n máa já "paki" yẹn sára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kéèyàn bá wọn ṣe. "Pakiabot po ng asin," ẹ bá mi na iyọ̀ yẹn. "Pakibukas," bá mi ṣí i. "Pakihintay," bá mi dúró díẹ̀. Ìgbà tí mo kọ wọ́n sílẹ̀ tí mo ń kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ojú mi là: "bá mi" wa yìí náà ni! Àwa náà, ta ló ń sọ pé "mo bẹ̀ ọ́, gbé omi wá"? "Bá mi gbé omi wá" ni, "bá mi" ti ru gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn lórí, kò sẹ́ni tó ń rò ó. Ọ̀rọ̀ ńlá kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn lọ́dọ̀ wọn, ìrù kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀rọ̀ ló ń ṣe é, gẹ́lẹ́ bíi tiwa.

Ate wá kọ́ mi ní bí mo ṣe yẹ kí n sọ ọ́: "Ate, pwede po bang makipagpalit ng shift? Sa Sabado lang po." Pwede, ṣé ó lè ṣeé ṣe. Po, mà. Makipagpalit, ká jọ pààrọ̀. Lang, péré. Mo ti kọ́kọ́ kọ Biyernes, Fúráìdeè, wọ́n ní rárá o, Fúráìdeè ni lọ́dọ̀ tìẹ, tó bá kàn mí ọjọ́ ti yí. Mo tún un kọ, mo fi ránṣẹ́ bí ẹni pé a ò tíì jọ sọ ọ́. Ate náà ò sì jẹ́ kó rọrùn, wọ́n dáhùn, "Ang aga naman!" ó mà yá jù o! Mo bá fa ohùn mi gùn, mo gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́, "Sige naaa po, Ateee. Ngayon lang po." Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Mo dúró. Mo rí i tí wọ́n ń tẹ nǹkan, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún ń tẹ̀. "Sige na nga."

Mo jó nínú òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí sige yìí o, torí òun gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀dọ̀ àwọn Sípáníìṣì ló ti wá, "máa bá a lọ" ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwọn, láti 1565 dé 1898 ni wọ́n fi jẹ gàba lé Philippines lórí, ìgbà tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pwede náà tiwọn ni, Biyernes àti Sabado náà tiwọn ni, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi búrẹ́dì àti Fúráìdeè ta wá lọ́rẹ. Tí sige bá dá wà, "ó dáa" ni, wọ́n tiẹ̀ fi ń parí ìpè lórí fóònù. Tó o bá fi na sí i, ó di ẹ̀bẹ̀, "jọ̀ọ́ náà, ó ya." Sige na nga, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ló ni ìyẹn, òun ló ń fi sọ pé "ó dáa, mo ti gbà, o ti pa mí láyò," ẹ̀rín sì máa ń wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Sige lang, má dààmú, máa ṣe tìẹ lọ. Ó wá ku sige nga, láìsí na láàárín.

Sige nga yẹn ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kuya tó jẹ́ olórí wa, mo tọrọ àyè ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní "Titingnan ko," àwọn á wò ó. Èmi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ìyẹn lè jẹ́ rárá tí wọ́n fi aṣọ bò, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé "ó máa dáa, a máa rí i sí" fún ẹni tó wá yáwó. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ ló kù. Níwájú gbogbo èèyàn nínú ìpàdé, mo fi ohùn dídùn sọ ọ́, "Sige nga, Kuya!" Ibi gbogbo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ate bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn. Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá mi ni pé "Ó ya nígbà náà, ṣe é ká wò ó!" bí ọmọ àdúgbò ṣe máa ń sọ fún ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bá ń lérí pé òun lè fo gọ́tà. Kuya náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run yọ mí, àmọ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún mi.

Èmi yìí kan náà ni màlúù tún ṣẹlẹ̀ sí. "Baka po pwede" ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ nǹkan tí wọn ò fẹ́ kó dà bí àṣẹ, "bóyá ó lè ṣeé ṣe, sà," ó rọ̀ ju pwede lásán lọ. Tagalog ò ní ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ ibi tó o bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Baká, tó o tẹ ìparí ẹ̀, bóyá nìyẹn. Báka, tó o tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, màlúù. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kó màlúù wọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, "Màlúù, sà, ó ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ n tètè lọ lónìí," kò sẹ́ni tó sọ fún mi, wọ́n ní ó ń dùn wọ́n ni. Èmi tí mò ń fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ dààmú àwọn òyìnbó! Mo ti gba ẹ̀san tèmi.

Po ò yọ mí lẹ́nu rárá, òun lèmi àti wọn kọ́kọ́ mọwọ́ ara wa. Mà àti sà wa yẹn náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé po kan ṣoṣo ló ń bẹ fún ọkùnrin àti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni lásán ni "oo", bẹ́ẹ̀ ni mà ni "opo". Wọ́n ní "ka" tó jẹ́ o, wọ́n ní "kayo" tó jẹ́ ẹ, tí wọ́n bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kayo ni. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, tí àlejò tí wọn ò mọ̀ bá kanlẹ̀kùn, wọ́n lè ní "Sino po sila?" Sila, àwọn nìyẹn o! Ta ni wọ́n? Ojúkojú! Àwa ṣì ń dúró kí àgbà kúrò níbẹ̀ ká tó pè é ní wọ́n, àwọn ti lo tiwọn lójú ẹ̀. Ọmọdé kan nínú wa, bóyá ó jẹ́ ọmọ ọdún 23, mo po fún òun náà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má sọ òun di arúgbó.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn, èmi àti màámi lọ ra àdìrẹ ní Ọjà Ọba. Òṣogbo ìlú aró, ẹ̀yin náà mọ̀, ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ náà ni wọ́n ti ń gbówó lé e jù. Onítọ̀hún ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Màámi ò tiẹ̀ wo aṣọ náà mọ́, wọ́n yíjú síbòmíì bí ẹni tó ń wá ọkọ̀, wọ́n ní, "Ó mà wọ́n o." Wọn ò sọ pé rárá, wọn ò dá iye tàwọn. Mo dúró níbẹ̀ mò ń rò ó lórí ara mi, "ó mà wọ́n o" yìí, "Ang mahal naman!" ni. Àbí ẹ ò rí i, mà àti o tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ naman, ó ń rojọ́ ṣùgbọ́n kò bínú. Mahal yẹn gan-an wá lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ nǹkan tówó ẹ̀ pọ̀, ó tún jẹ́ olùfẹ́, "Mahal kita" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ó wọ́n, ọ̀wọ́n. Òkun melòó ló wà láàárín wa, ta ló lọ sọ fún ara wọn?

Màámi ní, "Kọ́sítọ́mà, ẹ gba méje ààbọ̀." Ìyá aláṣọ ní, "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò gbà bẹ́ẹ̀." Ẹ wò ó, olùtà kọ́sítọ́mà, olùrà kọ́sítọ́mà. Suki nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn Ate, ẹni tó ń rà lọ́wọ́ ẹ nígbà gbogbo suki ẹ ni, ìwọ tó ò ń tà fún un, suki ẹ̀ náà ni ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ dín in, "Wala na po bang tawad?" ṣé kò ní dín mọ́ ni? Tawad ni ẹ̀dín owó, òun náà ni ìdáríjì, tí alágbe bá nawọ́ sí wọn tí wọn ò ní nǹkan lọ́wọ́, "Patawad po" ni wọ́n máa sọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ẹ má bínú, baba" tá a kọjá. Wọ́n já a sí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, màámi sì tún gba ègé aṣọ kékeré kan lé e. Èènì aṣọ! N ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ fún Ate, wọ́n ní tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn, "Padagdag naman" ni màámi máa sọ, ẹ fi díẹ̀ kún un náà, wọ́n ní kí n bá àwọn kí màámi, pé irú wọn ló yẹ kó máa bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù wa.

Tí ojú bá ń ti ẹ láti tọrọ nǹkan, wọ́n ní sọ pé ojú ń tì ẹ́, má fi pa mọ́: "Nakakahiya man po, pero…" ojú tiẹ̀ ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́… Mo máa ń lo èyí gan-an, ó dà bí pé inú ilé wa ni mo ti gbé e jáde. Ti oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lójú ẹ máa ní "Kain tayo," wá ká jẹun, ìwọ náà mọ̀ pé o ò gbọ́dọ̀ jókòó, "Sige lang po, salamat" lo máa dáhùn, á gba ibi ire.

Oṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, mo fi fọ́tò igbó Ọ̀ṣun ránṣẹ́ sí Ate, àwọn ère tí Susanne Wenger àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, odò, àwọn igi ńlá yẹn, mo ń fọ́nnu pé UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005. Wọn ò sọ̀rọ̀ UNESCO rárá. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Tẹ́ ẹ bá ń wọlé síbẹ̀, kí lẹ máa ń sọ fún àwọn tó ń gbébẹ̀?" Mo rò pé ọ̀bọ ni wọ́n ń sọ, torí ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, mo ní a kì í sọ nǹkan kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń fún wọn. Ate ní rárá, àwọn tí ojú ò rí. Wọ́n ní lábúlé tí wọ́n bí àwọn sí, tí èèyàn bá ń kọjá nídìí igi ńlá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, ó gbọ́dọ̀ sọ pé "Tabi-tabi po." Tabi ni ẹ̀gbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀, mò ń kọjá ni. Inú òkìtì yẹn ni bàbá arúgbó kékeré kan ń gbé, nuno sa punso ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ta á nípàá tàbí tó tọ̀ sí i lára, ara onítọ̀hún ò ní le. Mo lọ sọ fún màámi. Wọ́n dáwọ́ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já dúró. "Ṣé àwọn náà ní ògán?" Mo ní wọ́n ní in. Wọ́n ní, "Wọ́n sì ń ké àgò?" Mo ní wọ́n ń ké e, wọ́n tún ń fi mà àti sà sí i. Láti ọjọ́ yẹn, màámi ò pe Ate ní òyìnbó yẹn mọ́.

Ẹ má wá rò pé mo ti gbọ́ èdè yìí tán o. Po àti na ṣì ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn lẹ́nu mi, "sige na po" ló tọ́, "sige po na" ni mo máa ń sọ tí mo bá ti ń kánjú. Mo ti bẹ̀bẹ̀ jù náà, ìgbà kẹta tí mo tọrọ ìpààrọ̀ lóṣù kan, Ate ní "Ang kulit mo!" o ti yọ mí lẹ́nu jù ni, bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ tí kò yé béèrè súìtì. Ẹ̀rín ló wà ńbẹ̀, àmọ́ mo rọra lọ jókòó.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni wọ́n wá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí. Wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí, mo ti kọ́ wọn ní ẹ jọ̀ọ́ lórí fóònù, ẹnu wọn tiẹ̀ mọ́ ọn. Láti December 16 dé 24 ni wọ́n ń ṣe Simbang Gabi, máàsì ìdájí ni, àárọ̀ 9 tẹ̀léra kí Kérésìmesì tó dé, aago mẹ́rin ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ate, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá lọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láìfò kan, ohun tó bá tọrọ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Aago mẹ́rin yẹn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa ni, ṣíífìtì tí wọ́n fi wọ́n sí lóṣù náà gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹ̀bà kan ọbẹ̀ ni fóònù tàn, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́: "Ejo po. 9 days lang."

Ejò, mà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi ta sí mi láṣọ. Lang, lórí ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo kọ ọ́ sí wọn pé màlúù mi àti ejò yín, a ò jẹ ara wa ní gbèsè mọ́. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n fà á gùn bí mo ṣe fà á fún wọn nígbà ti Ìwó yẹn, "Sige naaa." Mo jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, mo tẹ nǹkan, mo dáwọ́ dúró, mo tún tẹ̀ ẹ́. Sige na nga po.

Màámi bi mí láti kíṣìnì pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní Ate ló bẹ̀ mí.

"Wọ́n fi ṣégè yẹn náà bẹ̀ ẹ́?"

Òun náà ni, mà.